Ọmọ mi fẹ́ fi dùùrù àti kúáyà ṣe iṣẹ́ jẹun: ṣé kí n gbà fún un?

Ìbéèrè:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Láti Ìsánlú, ní ìpínlẹ̀ Kogí, ni mo ti ń kọ̀wé. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún 19. Láti JSS 2 ló ti ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. A ti bá a wá àyè síbi tó ti máa ka akáǹtì, ó ní òun ò lọ. Orin ló fẹ́ kà, irú orin Bach àti Handel, àwọn ọ̀gá orin òyìnbó àtijọ́. Ó fẹ́ máa tẹ dùùrù, ó sì fẹ́ máa darí akọrin. Bàbá rẹ̀ ní ebi ni yóò pa á. Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí ẹ̀, ṣé iṣẹ́ ni, àbí ohun tí èèyàn ń fi ọwọ́ kejì ṣe lẹ́yìn iṣẹ́? Ta lẹ ti rí ní ilẹ̀ Òkun wa tó fi dùùrù kọ́lé?

* * *

Òkun o, ìyá wa. Ọdún 31 ni mo ti wà nídìí dùùrù àti níwájú akọrin, láàárín Kàbà àti Ìyàrá. Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní ilé-ìwé girama pẹ̀lú. Èyí tí ẹ fi parí ọ̀rọ̀ ni màá kọ́kọ́ dáhùn. Mo kọ́lé. Yàrá mẹ́rin ni. Owó olùkọ́ ló mọ ògiri rẹ̀, owó dùùrù ló kan páànù rẹ̀. Owó dùùrù náà kò ti ojú kan wá: àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ nílé lọ́sàn-án Sátidé, ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìjọ mìíràn tó ní kí n wá bá àwọn gbé akọrin wọn dìde bí Kérésì bá ń bọ̀. Ẹni tó bá sọ fún ọmọ yín pé dùùrù nìkan á bọ́ ọ ní Ìsánlú tàbí ní Kàbà kò tíì gbìyànjú ẹ̀ rí. Ẹni tó ní ebi ni yóò pa á náà kò tíì wò ó dáadáa.

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú ni pé ọjọ́ Ìsinmi ni gbogbo ayé ń rí wa. Wọ́n á rí mi tí mo jókòó, tí mo tẹ orin márùn-ún, tí mo dìde, tí mo gba ilé lọ. Wọ́n á ní, ṣé èyí náà niṣẹ́? Ọjọ́bọ̀ niṣẹ́ wa.

Ẹ wá bá wa lọ́jọ́bọ̀ ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Èèyàn 22 ló yẹ kó wà níbẹ̀, 14 ló ti dé. Ohùn mẹ́rin la pín sí: sọ̀páránò àti áltò fún obìnrin, tẹ́nọ̀ àti báàsì fún ọkùnrin. Tẹ́nọ̀ mẹ́ta péré ni mo ní, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ bíríkìlà, sìmẹ́ńtì á ṣì gbẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Méjì nínú àwọn áltò gbé ọmọ pọ̀n. Orin tí a fẹ́ kọ jẹ́ ojú ewé mẹ́jọ. Màá kọ́ báàsì ní tiwọn, màá kọ́ tẹ́nọ̀, màá kọ́ áltò, a ó wá pa á pọ̀. Bí a ṣe pa á pọ̀ báyìí, nǹkan kan ò lọ déédéé. Ẹnì kan láàárín àwọn áltò ti bọ́ sórí ohùn sọ̀páránò, ó kàn ń kọ ọ́ nísàlẹ̀, kò sì mọ̀. Mo gbọ́dọ̀ rí ẹni náà láì dójú tì í. Nítorí náà màá ní kí áltò kọ ọ́ ní méjì-méjì, bí ẹni pé ìlà yẹn ló ṣòro fún gbogbo wọn, títí màá fi gbọ́ ọn. Tí mo bá ti gbọ́ ọn, màá fi ẹni tó mọ̀ ọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, n kò ní sọ nǹkan kan. Wákàtí méjì a máa lọ báyìí lórí ìlà mẹ́rin.

Iṣẹ́ tí ọmọ yín ń béèrè nìyẹn. Ẹ bi í bóyá Ọjọ́bọ̀ ló wù ú, àbí ọjọ́ Ìsinmi.

* * *

Mo ti ka èsì yín. Ó tó ẹni mẹ́fà tó sọ ohun kan náà: iṣẹ́ Olúwa ni, ọ̀run ni èrè rẹ̀ wà, ẹni tó bá ń béèrè owó lórí dùùrù ti sọ ilé Ọlọ́run dọjà. N kò fara mọ́ ọn rárá.

Ìjọ tó ní kí atẹdùùrù fi ti ẹ̀ ṣe ọrẹ náà ló ń sanwó epo jẹnẹrétọ̀. Ó ń sanwó fún káfíńtà tó kan àga. Ó ń sanwó fún ẹni tó gbé àtíbàbà wá nígbà ìkórè. Kò sẹ́ni tó ń tọ́ka ọ̀run sí káfíńtà. Kí ló dé tó jẹ́ pé ẹni tó fi ọdún mẹ́wàá kọ́ ìka rẹ̀ ló yẹ kó máa fi ọ̀fẹ́ ṣe é?

Ìjọ kan wà tí mo tẹ dùùrù fún fún ọdún mẹ́fà, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mò ń wọ ọ̀kadà lọ, tí mò ń wọ̀ ọ́ bọ̀, lórí owó ara mi. Lọ́dún kẹfà mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣá máa fún mi lówó ọkọ̀. Àgbà kan dìde nínú ìpàdé, ó ní iná ẹ̀mí ti ń kú lára mi. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun, ó ṣì ń dùn mí. Mo kó ìwé orin mi, mo lọ.

Ẹ má gbọ́ mi ṣì o. Ẹni tó bá fẹ́ fi ti ẹ̀ tọrẹ, kó fi tọrẹ, Ọlọ́run á gbà á. Ṣùgbọ́n ọrẹ tí a fi ipá gbà lọ́wọ́ èèyàn kì í ṣe ọrẹ.

Àwọn tó ń fi Bach ṣe àpẹẹrẹ fún wa pé ògo Ọlọ́run nìkan ló ṣiṣẹ́ fún, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Bach kọ fúnra rẹ̀. Láti 1723 ló ti wà ní Leipzig, ní Jámánì, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé Thomas lórin, tó sì ń bójú tó orin àwọn ìjọ ìlú náà. Ní 1730 ó kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ kan, Georg Erdmann. Ó ní nǹkan bí 700 tálà, owó ìlú wọn, ni iṣẹ́ òun ń mú wọlé. Ó ní bí òkú bá pọ̀ nílùú, owó ìsìnkú a máa gbé e sókè. Bí atẹ́gùn àlàáfíà bá sì fẹ́, owó á wálẹ̀. Ó ní lọ́dún tó kọjá, òun pàdánù ju 100 tálà lọ nítorí pé ìsìnkú kò tó. Ọmọ mélòó ló ní nílé? Wọ́n pọ̀, wọ́n sì ń jẹun. Kò rí ohun tó burú nínú kó ka owó rẹ̀, kó sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà.

Ìsìnkú náà ló ń bọ́ atẹdùùrù nílẹ̀ wa. Ẹ̀yin náà mọ̀ bó ṣe rí tí òjò bá ti dá: àìsùn lọ́jọ́ Ẹtì, ìsìn lọ́jọ́ Sátidé, ìdúpẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Àwọn ọmọ olóògbé á sanwó fún olóúnjẹ, á sanwó fún oníjùjú, á sanwó fún ẹni tó ya fọ́tò. Ẹni tó tẹ dùùrù ní ojú ọjọ́ mẹ́ta á gba "ẹ ṣeun, Olúwa á san án fún yín". Kí ọmọ yín kọ́ èyí kó tó kọ́ orin kankan: kó fẹnu kò sí iye kan kó tó kúrò nílé, kó sì sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, láì sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀.

* * *

Àbúrò wa tó kọ̀wé láti Ògìdì béèrè bóyá ọmọbìnrin lè ṣe é. Ó lè ṣe é. Nínú gbogbo ọmọ tó ti gba abẹ́ ọwọ́ mi kọjá, ọmọbìnrin lẹni tí ọwọ́ òsì rẹ̀ dára jù. Wọ́n ní kó má darí akọrin nítorí pé ọkùnrin wà níbẹ̀, ó kó lọ sí ìjọ mìíràn, ibẹ̀ ló ti ń darí wọn báyìí. Ìjọ àkọ́kọ́ ló pàdánù.

* * *

Ó kan ọ̀rọ̀ bọ́tìnì transpose, mo sì mọ̀ pé ìjà máa wà níbẹ̀.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: bọ́tìnì kan wà lára kíbọ́ọ̀dù tó ń gbé ohùn gbogbo rẹ̀ sókè tàbí tó ń sọ ọ́ kalẹ̀. O lè máa fi ìka tẹ kíì C, níbi tí gbogbo rẹ̀ ti jẹ́ eyín funfun, kí kíbọ́ọ̀dù sì máa dún ní E flat, kíì tó ní eyín dúdú mẹ́ta nínú. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Ìyàmoyè, C nìkan ni wọ́n mọ̀. Etí wọn dára, ẹ ò ní gbàgbọ́. Wọ́n á gbọ́ orin lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbé wọn síwájú pìánò gidi tàbí dùùrù onífèrè, tí kò ní bọ́tìnì kankan, ẹ wá gbé ìwé orin alámì flat mẹ́ta síwájú wọn. Ọwọ́ wọn á dákẹ́.

Ẹ̀gbọ́n wa kan ní Mọ̀pà, òun náà ń kọ́ akọrin, bá mi jà lórí èyí. Ó ní ohun tí ìjọ gbọ́ ló ṣe pàtàkì, ìjọ kò sì gbọ́ ìka. Ó ní àwọn ọmọ yìí kò ní olùkọ́, bọ́tìnì yẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè sin Ọlọ́run láì dúró de ẹni tí kò ní wá. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, torí òótọ́ wà níbẹ̀. Bí mo bá wà nípò wọn ní ọmọ ọdún 13, bọ́tìnì náà ni màá lò.

Ṣùgbọ́n ọmọ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ọdún 13 tó kàn fẹ́ ran ìjọ lọ́wọ́. Ó ní iṣẹ́ ni òun fẹ́ ṣe. Ẹni tó fẹ́ ṣe é níṣẹ́ gbọ́dọ̀ lè jókòó sídìí ohun èlò tí kò rí rí, kí wọ́n gbé orin tí kò gbọ́ rí síwájú rẹ̀, kó sì tẹ̀ ẹ́. Wọn ò lè máa gbé kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ tẹ̀ lé e káàkiri ayé. Etí nìkan kò lè tẹ fúúgù, níbi tí ohùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti ń sáré tẹ̀ lé ara wọn, tí ọwọ́ òsì sì ń sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láì dúró de ọ̀tún. Ojú ló ń ka ìyẹn, ìka á wá kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ kan lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n wa ní Mọ̀pà, mo ṣì ń bọ̀ sórí èyí.

* * *

Lórí sọ́ọ̀fà, dò, re, mí tí a fi ń kọ orin sílẹ̀: àwọn kan ní kí ọmọ náà pa á tì torí pé ti àwọn bàbá wa ni. Ẹ jọ̀ọ́, kó má pa á tì. Sarah Glover, olùkọ́bìnrin kan ní Norwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, àlùfáà kan tó ń jẹ́ John Curwen ló wá mú un gbòòrò. Ó sì bá etí wa mu ju bó ṣe bá etí àwọn tó ṣe é mu lọ, torí pé dò, re, mí la fi ń kọ́ ọmọ wa ní ohùn èdè láti kékeré. Bíríkìlà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn kò ka ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n kọ sọ́ọ̀fà sójú bọ́ọ̀dù fún un, kò ní sí àṣìṣe kan.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ ni dùùrù. Ọwọ́ méjì, ohùn mẹ́rin, ìka mẹ́wàá: lórí ìwé orin onílà, ìlà márùn-ún lókè, ìlà márùn-ún nísàlẹ̀, ibẹ̀ nìkan ni ojú ti lè rí gbogbo rẹ̀ pọ̀. Sọ́ọ̀fà fún akọrin, ìlà márùn-ún fún atẹdùùrù. Olùdarí gbọ́dọ̀ mọ méjèèjì, kó sì lè yí ọ̀kan padà sí èkejì lálẹ́ ọjọ́rú, torí pé Ọjọ́bọ̀ ń bọ̀.

* * *

Ẹnì kan béèrè pé kí tiẹ̀ ni olùdarí ń ṣe, ṣé akọrin ò lè tẹ̀ lé dùùrù ni? Òmíràn ní ti àwọn ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, gbogbo wọn sì ń bá a lọ.

Ẹ ní kó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Láyé àtijọ́ ní Faransé, ọ̀pá ńlá ni wọ́n fi ń lu ilẹ̀ láti darí akọrin. Lully, ọ̀gá orin ọba, gbé ọ̀pá náà sọ sí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́ fún ìwòsàn ọba. Egbò náà rà, ó sì pa á ní 1687. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó ń lu ilẹ̀ ti kọ́ akọrin rẹ̀ láti máa gbọ́ ariwo dípò kí wọ́n máa wo ojú rẹ̀. Ọwọ́ ń sọ ohun tí ẹsẹ̀ kò lè sọ: ibi tí a ó ti mí, ẹni tó kàn, ibi tí ohùn á ti rọ̀. Ìgbésókè ọwọ́ kó tó balẹ̀, inú ibẹ̀ ni gbogbo akọrin ti ń mí pọ̀. Tí ọwọ́ bá gòkè láì jọ ẹni tó ń mí, báàsì á wọlé lọ́tọ̀, sọ̀páránò á wọlé lọ́tọ̀.

Màá sọ ti ìsìn Kérésì ọdún kan. Alẹ́ ni, ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ẹnu ọ̀nà. A ti kọ orin náà dé ojú ewé kẹta nígbà tí iná lọ. Kíbọ́ọ̀dù dákẹ́ pátápátá. Òkùnkùn ṣú bolẹ̀. Nǹkan funfun kan ṣoṣo tí akọrin lè rí ni apá aṣọ mi, nítorí náà mo gbé ọwọ́ méjèèjì ga ju bí mo ṣe máa ń gbé e lọ, mo sì jẹ́ kí orin náà lọ́ra díẹ̀. Wọn ò dúró. Mo gbọ́ báàsì tó wọlé síbi tó yẹ, ní òkùnkùn, àwọn mẹ́rin, bí ẹni pé ẹnì kan ṣoṣo ni. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í tan iná fóònù wọn láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ara mi ń gbọ̀n.

Lójú ewé kẹfà jẹnẹrétọ̀ dìde, iná dé, kíbọ́ọ̀dù náà sì jí. Ọmọ tó ń tẹ̀ ẹ́, ọmọ tó já fáfá ni, gbé ọwọ́ lé e. E flat là ń kọ. Ó ti ń tẹ̀ ẹ́ ní C láti ìbẹ̀rẹ̀, ó fi bọ́tìnì gbé e sókè ní mẹ́ta. Ṣùgbọ́n bí iná ṣe lọ, kíbọ́ọ̀dù ti gbàgbé. Ó padà sí òdo. Ohun tó dún jáde ni C gan-an, ó já lu akọrin bí igi tó wó lu ilé. Sọ̀páránò dẹ́kun, tẹ́nọ̀ dẹ́kun, àwọn báàsì yẹn nìkan ló ń kọ lọ. Ọmọ náà yọ ọwọ́, ojú rẹ̀ wú fún ẹkún. Mo mi orí sí i pé kó fi wọ́n sílẹ̀, mo fi ọwọ́ pe àwọn tó kù padà lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì kọ ọ́ parí láì sí ohun èlò kankan.

Ẹ̀gbọ́n wa ní Mọ̀pà, ìdí tí mo fi ń ṣe agídí nìyí. N kò bá ọmọ náà wí lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo jẹ̀bi, torí ọdún méjì ni mo fi mọ̀ pé bọ́tìnì yẹn ló gbójú lé, mo sì gbà fún un nítorí pé ó yá.

* * *

Wọ́n tún gbé èyí dé: orin òyìnbó ni, kí ló kan ọmọ Ìyàgbà pẹ̀lú Bach?

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Orin tí àwọn ìyá wa fi ń rẹ̀ wá sùn ní ilé onígbàgbọ́, orin òyìnbó ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ní 1908 ni Tommy Titcombe, míṣọ́nárì ará Kánádà, dé Ẹ̀gbẹ̀. Orin ìsìn tó gbilẹ̀ láàárín wa lẹ́yìn náà jẹ́ ohùn òyìnbó tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá wọ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ńlá wà, ó sì kan ọmọ yín tààrà. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti sọ̀kalẹ̀, ìtumọ̀ á bàjẹ́ lẹ́nu akọrin. Ẹsẹ kìíní lè bá ohùn mu, ẹsẹ kejì á dojú rú, torí pé ohùn orin kò yí padà, ọ̀rọ̀ ló yí.

T. Ekundayo Phillips lẹni tó fi ìgbésí ayé rẹ̀ jà fún èyí. Ó kọ́ orin ní Trinity College of Music ní London láti 1911 sí 1914, ó padà wálé, ó sì wà nídìí dùùrù Cathedral Church of Christ ní Èkó láti 1914 títí di 1962. Ọdún 48! Ó kọ orin tó ń tẹ̀ lé bí Yorùbá ṣe ń dún lẹ́nu, ìwé tó kọ lórí orin Yorùbá sì jáde ní 1953. Kì í ṣe pé ó kọ orin òyìnbó sílẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n débi tó fi mọ ibi tí kò ti bá èdè wa mu.

Abẹ́ Phillips ni Fela Sowande ti kọrin nígbà tó wà lọ́mọdé. Bàbá ọmọ náà ní Ìsánlú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí ti Sowande yìí. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ló bá lọ sí London láàárín ọdún 1930 sí 1940. Ó ń fi pìánò jáàsì wá owó lálẹ́. Orin ló padà mú un. Ní 1943 ó gba oyè Fellow ti Royal College of Organists, ẹgbẹ́ àwọn atẹdùùrù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di atẹdùùrù West London Mission ní Kingsway Hall láti 1945 sí 1952. Lẹ́yìn náà ó padà wálé, ó ṣiṣẹ́ orin ní ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba, ó kọ́ni ní yunifásítì nílé àti ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn orin dùùrù onífèrè tó kọ, ohùn orin Yorùbá ló fi ṣe ìpìlẹ̀ wọn. Jáàsì, ìjọ, rédíò, ìkọ́ni: ojú kan kọ́ ló ti ń jẹun, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí kò sí nínú orin.

Nílẹ̀ Òkun níbí, n kò tíì rí ẹni tó ti ṣe irú rẹ̀ fún ẹnu Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Búnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ bó ṣe yẹ. Orin ọdẹ wà, orin ìgbéyàwó wà, orin àwọn ìyá wa lórí ọlọ wà. Ta ló máa kọ wọ́n sílẹ̀ ní ohùn mẹ́rin láì ba ọ̀rọ̀ inú wọn jẹ́? Ẹni tó mọ̀ bí Bach ṣe ń da ohùn mẹ́rin pọ̀, tó sì tún gbọ́ èdè ìyá rẹ̀. Mo ti ń wá ẹni náà fún ọdún 31.

* * *

Ohun èlò. Ẹ̀yin tí ẹ ní kò sí pìánò ní Ìsánlú, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò yẹ kó dá a dúró.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, dùùrù ẹlẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo ló wà ní ìlú wa, tí à ń fi ẹsẹ̀ fún ní afẹ́fẹ́. Èkúté ti jẹ awọ rẹ̀. Ọ̀gá mi fi awọ ewúrẹ́ àti gọ́ọ̀mù káfíńtà lẹ̀ ẹ́, tí ọyẹ́ bá dé á tún là, ìhó kékeré kan á máa hó ń'sàlẹ̀ gbogbo orin. Àwọn ahọ́n idẹ kéékèèké wà nínú rẹ̀ tó ń dún. Tí ọ̀kan bá yadi, eruku ló máa ń há a. Ọ̀gá mi á fà á yọ jẹ́jẹ́, á fẹ́ ẹ lẹ́nu, á dá a padà. Torí pé gbogbo wa ò lè ráyè nídìí rẹ̀, ó ya eyín dùùrù sórí páálí fún wa. Orí páálí ni mo ti kọ́ bí ìka àtàǹpàkò ṣe ń gba abẹ́ ọwọ́ kọjá.

Ọmọ yín náà lè ṣe é. Eyín funfun méje àti eyín dúdú márùn-ún àárín wọn kò ju sẹ̀ńtímítà 16 àti ààbọ̀ lọ ní fífẹ̀. Pìánò ní eyín 88, funfun 52, dúdú 36. Gbogbo rẹ̀ á gba nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 122 lórí páálí. Kíbọ́ọ̀dù eléyín 61 tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì náà tó bẹ̀rẹ̀, torí pé èyí tó pọ̀ jù nínú orin Bach kò kọjá ibẹ̀. Ìwúwo eyín pìánò ni kíbọ́ọ̀dù yẹn kò ní, ìka rẹ̀ á mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tó bá jókòó sídìí pìánò, nítorí náà kó máa wá pìánò jókòó sí nígbà tó bá rìnrìn-àjò.

Ní ti ilé-ìwé: ẹ̀ka orin wà ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó wà ní Nsukka láti 1961, MUSON ní Èkó ní ilé-ìwé dìpílómà. Ìdánwò ABRSM, ìdánwò orin ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, náà wà, láti ìpele 1 dé 8. Ẹ ka ìwé JAMB fún ohun tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń béèrè, kí ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnikẹ́ni ṣe é, kódà tèmi.

Àwọn tó ní kó kọ́kọ́ ka akáǹtì tán, kó wá padà sórin, n kò gbà pẹ̀lú wọn. Ọdún mẹ́rin sí márùn-ún ni yóò fi jìnnà sí i. Tó bá jẹ́ ìbẹ̀rù oúnjẹ ló ń da bàbá rẹ̀ láàmú, kó kà á pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ìkọ́ni, kó lè di olùkọ́ orin. Owó oṣù á mọ ògiri.

* * *

Ìyá wa ti padà wá. Ẹ ní bàbá rẹ̀ ti rọ̀: ó ní kó lọ fún orin àti ìkọ́ni, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ fi hàn láàárín oṣù mẹ́ta pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ bá mi kí bàbá gidigidi. Inú mi dùn débi pé mo ka ọ̀rọ̀ náà sókè fún ìyàwó mi.

Ohun tí yóò ṣe nìyí. Kó dá bọ́tìnì transpose padà sí òdo, kó lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn. Kó ṣí ìwé orin sí orin kan tó ní flat mẹ́ta, kó kọ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ nìkan fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó máa kà á, kó má fi etí wá a.

Láti Ìsánlú dé ọ̀dọ̀ mi jìn fún ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀, owó ọkọ̀ ò kéré. Ẹ̀gbọ́n wa ní Mọ̀pà tó bá mi jà kọ̀wé sí mi lánàá pé kó wá sọ́dọ̀ òun. Pìánò eléyín 88 wà lọ́dọ̀ rẹ̀, Ọjọ́bọ̀ náà ni àwọn náà ń pé jọ, agogo márùn-ún ààbọ̀. Kó má retí pé wọ́n á gbé e sídìí pìánò lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àárín àwọn báàsì ni yóò jókòó fún oṣù kan, torí pé ibẹ̀ lèèyàn ti ń gbọ́ bí ilé orin ṣe dúró. Kó mú ìwé orin tirẹ̀ dání, kó sì mú pẹ́ńsù dípò bírò, torí pé ibi tí wọ́n ní kó mí lọ́sẹ̀ yìí lè yí padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.